Adìẹ Onírùngbọ̀n Akunlé

Kòjókòó ni wọ́n ń pè é, nítorí láti kékeré ni ìdí rẹ̀ kò ti gba ilẹ̀. Bí ó bá jókòó jẹun, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti lò ní yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn, tó ń ri aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun sínú omi gbígbóná, tó ń ṣan wọ́n, tó ń sá wọn, tó ń ká wọn. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Ẹni kan ṣoṣo tó kù ún kù láyé ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Akunlé, tí òun ń pè ní Bùrọ̀dá. Ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé: yàrá méjì, ilé ìdáná kan, balùwẹ̀ kan, àti ẹ̀yìnkùlé tí kò fẹ̀ ju ibi tí ọkọ̀ méjì lè dúró sí.

Ogójì ọdún ni Akunlé fi kun ilé onílé. Ó lè wo ọ̀dà nínú garawa kó sọ àwọ̀ tí yóò dà nígbà tó bá gbẹ lára ògiri, kò sì ní fi ìbú irun kan ṣì í. Àmọ́ àwọ̀ tó fẹ́ràn jù láyé kò sí nínú garawa kankan. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló wà, níbi tó ti ń sin adìẹ Amẹraukánà. Ẹ̀yà adìẹ yìí máa ń hu irun sábẹ́ àgbọ̀n àti lẹ́rẹ̀kẹ́ bí irùngbọ̀n bàbá arúgbó, ogbe orí rẹ̀ kéré, ó lẹ̀ mọ́ agbárí, ẹyin rẹ̀ sì búlúù. Ti Akunlé tún wá yàtọ̀. Búlúù bíi sánmà òwúrọ̀ tí òjò àná ti fọ̀ mọ́ ni. Ọdún méjìdínlógún ló fi ń ṣà wọ́n. Abo tí àwọ̀ ẹyin rẹ̀ bá fi díẹ̀ yàtọ̀, kò ní jẹ́ kó sàba. Àkùkọ ló máa ń fún un níṣòro jù, torí àkùkọ kì í yé ẹyin. Èèyàn ò lè mọ irú àwọ̀ tó wà lára rẹ̀ àfìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin bá dàgbà tí wọ́n sì yé.

Ibi tó bá ẹwà yìí dé ni àrùn ojú ti ká a mọ́. Ó ń jẹ ìríran rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ bí eku tó ń jẹ búrẹ́dì. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ló kù fún un. Láti ìgbà náà, Kòjókòó di ojú rẹ̀. Láràárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́, á gbé ẹyin lé e lọ́wọ́.

“Àwọ̀ wo?”

“Búlúù ni, Bùrọ̀dá.”

“Búlúù wo? Ti ọ̀dà tí wọ́n fi omi là, àbí ti ọ̀dà tó ki?”

“Èyí tí wọ́n fi omi là.”

Akunlé á fi ẹyin náà pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, á rẹ́rìn-ín músẹ́, ọjọ́ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀.

Òwúrọ̀ kan ṣoṣo ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kòjókòó pẹ́ jí, ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ sì ti ń fun fèrè ní títì. Ó da oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn adìẹ, ó sáré jáde, kò ti ilẹ̀kùn ilé adìẹ. Lọ́jọ́ náà gan-an ni aládùúgbò mú Akunlé lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, nítorí náà kò sẹ́ni nílé. Nígbà tí Kòjókòó dé lọ́sàn-án, ìyẹ́ ló kọ́kọ́ rí. Ìyẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹ́ lórí aṣọ tó sá. Ajá kan ti wọlé. Àkùkọ ló kú sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó hàn pé ó jà kó tó kú. Abo márùn-ún ló sùn káàkiri. Ìkẹfà, èyí tó dàgbà jù nínú wọn, dúró lórí igi òrùlé, ó ń gbọ̀n.

Kòjókòó gbẹ́ ilẹ̀, ó sin wọ́n, ó gbálẹ̀, ó bu omi sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé.

“Kí ló dé tí ẹ̀yìnkùlé dákẹ́ báyìí?”

“Ajá kan ló wọlé, Bùrọ̀dá. Ó pa abo méjì.”

Ojú Akunlé rọ̀. “Àkùkọ ńkọ́?”

“Ó wà.”

Ọ̀rọ̀ tí kò tó ẹyọ àgbàdo. Ṣe ló fẹ́ kí bàbá náà fi sinmi lálẹ́ ọjọ́ kan péré, kó tó sọ ìyókù fún un lọ́la. Àmọ́ nígbà tí ọ̀la dé, irọ́ náà ti ta gbòǹgbò.

Ó wá àkùkọ onírùngbọ̀n kan lọ́dọ̀ ẹlẹ́dìẹ kan, ẹni tó fi orí ìyá rẹ̀ búra pé ẹyin búlúù ló pa á. Àkùkọ dé, ó kọ. Akunlé gbé orí sókè.

“Ohùn àkùkọ yìí ti yí padà.”

“Ọ̀fìnkìn ló mú un.”

Oṣù méjì kọjá. “Ọ̀fìnkìn yìí kò tíì lọ?”

“Ọ̀fìnkìn burúkú ni, Bùrọ̀dá.”

Ti àwọn abo tún wá jù bẹ́ẹ̀. Akunlé gbà pé mẹ́rin ló kù, ó sì fẹ́ràn láti gbé wọn lé ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nírọ̀lẹ́. Kòjókòó á gbé adìẹ àgbà kan ṣoṣo tó kù wá, á gbé e lọ, á yí ilé po, á tún gbé e dé. Bí adìẹ kan ṣe ń jẹ́ orúkọ mẹ́rin nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, Akunlé ní, “Ó jọ pé ìwọ̀n gbogbo wọn ti dọ́gba.” Àbúrò rẹ̀ ní, “Oúnjẹ kan náà kọ́ ni wọ́n jọ ń jẹ ni?” Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó fi aṣọ dí ẹnu. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń rín tàbí ẹkún ló ń sun.

Ìrètí rẹ̀ ni àwọn ọmọ. Àkùkọ tuntun àti adìẹ àgbà bí abo mẹ́jọ. Bí ẹyin wọn bá búlúù, á jẹ́ pé Ọlọ́run ti bò ó láṣìírí. Ó fi oṣù méje tọ́ wọn bí ẹni tọ́ ọmọ àdúràgbà. Àkọ́kọ́ nínú wọn yé lọ́jọ́ ìsinmi kan. Kòjókòó wo ẹyin náà lóòrùn, ó wò ó nínú òjìji, ó fi etí aṣọ nù ún. Àwọ̀ ewé tó ti ń gbẹ ni. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ nínú ìgbẹ́ adìẹ. Ìkejì yé, bákan náà. Nígbà tí ìkẹjọ yé, kò tilẹ̀ wò ó mọ́. Irọ́ ni ẹlẹ́dìẹ abúra yẹn pa; kò sí búlúù lára àkùkọ rẹ̀.

“Àwọ̀ wo?” ni Akunlé béèrè láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

“Búlúù ni, Bùrọ̀dá.”

Báyìí ni ọdún kan àti oṣù mẹ́ta ṣe kọjá, kí fóònù tó dún. Obìnrin kan tó ní ilé búrẹ́dì ní ìlú míì, ìrìn wákàtí mẹ́fà, ló ń pè. Akunlé ló fún un ní ẹyin méjìlá lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ìyẹn ló sì fi bẹ̀rẹ̀ agbo adìẹ tirẹ̀. Àrùn tó ń rọ adìẹ lẹ́sẹ̀ rọ̀ lápá ti wọ ilé rẹ̀. Abo mọ́kànlélógún ló ní, kò ku ẹyọ kan.

“Mò ń bọ̀ wá bá yín, Bàbá. Ẹ ṣàánú mi, ẹ̀yin nìkan ló kù.”

“Ẹ máa bọ̀,” ni Akunlé wí, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ bí ti ọ̀dọ́kùnrin. “Ibi tí omi ti ṣẹ̀ kò tíì gbẹ.”

Kòjókòó ń fọ àwo nílé ìdáná. Àwo kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀; òun gan-an ló fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Ní ọjọ́ kìíní, ó pinnu pé òun á jẹ́wọ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbọ́ tí bàbá náà ń súfèé, ó padà. Ní ọjọ́ kejì, ó rò ó pé kí òun kúkú sá lọ. Síbo? Ní ọjọ́ kẹta, ó wà níbi iṣẹ́, ó ń da búlúù ìfọṣọ sínú omi kí aṣọ bẹ́ẹ̀dì lè funfun gbòò, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lójú kan. Ó wò ó. Ó di díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ìborùn.

Nígbà tí Akunlé ń sun oorun ọ̀sán, ó ri méjìlá nínú ẹyin aláwọ̀ ewé tí àwọn abo tuntun yé sínú búlúù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n gbẹ, wọ́n búlúù ju ti Ọlọ́run lọ. Òun náà mọ̀ pé búlúù náà ti pọ̀ jù. Àmọ́ ẹni tí omi ń gbé lọ, ṣé ó máa béèrè bóyá koríko tí òun dì mú lágbára ni?

Oníbúrẹ́dì dé ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Obìnrin tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, àpá iná ààrò wà ní apá rẹ̀ méjèèjì. Nítorí àrùn tó wà nílé rẹ̀, ó bọ́ bàtà síta, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá kó tó kí ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì tutù ló fi mú ẹyin kan nínú abọ́. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó gbé e sílẹ̀, ó wo ìka rẹ̀. Ìka rẹ̀ ti di búlúù.

Ó gbójú sókè. Ojú rẹ̀ àti ti Kòjókòó ṣe mẹ́rin. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí ẹnu ò lè bẹ̀, Kòjókòó fi ojú bẹ̀ ẹ́.

Akunlé tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀. “Ẹ sọ ọ́ fún mi, ìyá. Ojú àlejò ni mo fẹ́ fi rí i lónìí. Àbúrò mi fẹ́ràn mi jù, kò lè sọ àbùkù fún mi.”

Oníbúrẹ́dì tún wo ìka rẹ̀.

“Bàbá,” ó ní, “àwọ̀ yìí ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.”

Lẹ́yìn náà ni Oníbúrẹ́dì wó sílẹ̀ láàárín yàrá, ó bú sẹ́kún. Àtàárọ̀ ló ti wà lójú ọ̀nà.

“Búlúù ìfọṣọ,” ni Akunlé wí jẹ́ẹ́. “Mo ti ń gbóòórùn rẹ̀. Mo rò pé aṣọ iṣẹ́ rẹ ni.” Ó kọjú sí ibi tí àbúrò rẹ̀ wà. “Àkùkọ ńkọ́?”

Kòjókòó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin. “Ó kú lọ́jọ́ tí ajá wọlé. Abo márùn-ún ló kú pẹ̀lú rẹ̀. Èmi ni mi ò ti ilẹ̀kùn. Èmi ni, Bùrọ̀dá. Èmi ni.”

“Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta. Àárọ̀ wo lo ò parọ́ fún mi nínú rẹ̀?”

Ó fọwọ́ wá ara ògiri, ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ méjì ni kò fi jẹun. Kòjókòó á gbé àwo sẹ́nu ọ̀nà, á padà wá gbé e bó ṣe gbé e sílẹ̀. Níbi iṣẹ́, ó ká aṣọ kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò mọ̀. Ó ń rò ó pé bí bàbá yìí bá kú sínú yàrá yẹn, òun ló pa á, kò sì sílé ẹjọ́ tí yóò dá òun lẹ́bi tó bí ọkàn òun ṣe ń dá òun lẹ́bi. Oníbúrẹ́dì kò lọ. Kò lè padà lọ́wọ́ òfo. Àwọn méjèèjì jókòó nílé ìdáná bí àwọn tí ọkọ̀ já sílẹ̀ sáàárín ijù.

“Kò ku nǹkan kan lọ́dọ̀ yín rárá?” ni Kòjókòó béèrè.

“Àkùkọ kan ló ṣẹ́ kù. Ẹsẹ̀ kan ló ń wọ́ nílẹ̀. Kò lè gun abo. Kí la fẹ́ fi àkùkọ tí kò lè gun abo ṣe?”

Ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn wọn. Akunlé ló dúró, irùngbọ̀n rẹ̀ rí wúruwùru.

“Ẹ gbé wọn wá. Gbogbo wọn. Mi ò sọ ẹyọ kan tí wọ́n ń gbé yípo fún mi.”

Wọ́n gbé wọn lé e lẹ́sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi ìka tọ ogbe wọn, ó fọwọ́ ra àgbọ̀n wọn. “Ogbe yìí ti tóbi jù. Gbé e lọ.” “Irùngbọ̀n ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà rèé. Gbé e lọ.” Nígbà tí adìẹ àgbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó mọ̀ ọ́n. Omi jáde lójú tí kò ríran.

“Ìwọ nìkan,” ni ó wí. Ó kọjú sí Oníbúrẹ́dì. “Ẹ lọ gbé àkùkọ yẹn wá.”

Kòjókòó ní, “Àrùn yẹn lè ran àwọn tó kù, Bùrọ̀dá.”

Oníbúrẹ́dì ló dá a lóhùn. “Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ibi tá a dé nìyẹn, àǹtí mi. Kò sí ọ̀nà tí kò léwu.”

Ó gbé e dé lọ́jọ́ kẹta nínú páálí búrẹ́dì. Wọ́n fi àkùkọ náà àti adìẹ àgbà sínú balùwẹ̀, jìnnà sí àwọn tó kù, àwọn onílé sì ń fi garawa wẹ̀ nílé ìdáná. Oníbúrẹ́dì ti rí bí dókítà ẹran kan ṣe ń gba àtọ̀ lára àkùkọ, tó sì ń fi í sínú abo. Akunlé di àkùkọ mú, Oníbúrẹ́dì ń ra á lẹ́yìn, Kòjókòó gbé ife kékeré àti sìríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́. Àgbàlagbà mẹ́ta, ọjọ́ orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pé igba ọdún, wọ́n ká gúlútú yí ẹyẹ kan po nínú balùwẹ̀.

“Bí àwọn oníbàárà mi bá rí mi báyìí,” ni Oníbúrẹ́dì wí, “wọn ò ní jẹ búrẹ́dì mi mọ́ láé.”

Ẹ̀rín fẹ́ gbé Akunlé. Ẹnu rẹ̀ ti là. Ó wá gbọ́ tí àbúrò rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó sì pa ẹnu dé. Láti ọjọ́ tó ti mọ òótọ́, bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kì í bá a sọ nǹkan kan.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ìkẹrin, ẹsẹ̀ kejì àkùkọ náà rọ, ó sì kú. Adìẹ àgbà ti yé ẹyin márùn-ún. Oníbúrẹ́dì padà sídìí ààrò rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣàdéhùn pé ohunkóhun tí wọ́n bá rí, àpín ni. Wọ́n kó ẹyin márààrún sábẹ́ ọ̀kan lára àwọn abo ẹlẹ́yin ewé tó ń wá ohun tó máa sàba lé.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Kòjókòó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí fèrèsé ilé ìdáná, ó fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ẹyin wò. Mẹ́ta mọ́ gbòò bíi gíláàsì, kò sí nǹkan kan nínú wọn. Iṣan pupa wà nínú méjì.

“Mélòó?” ni Akunlé béèrè lẹ́nu ọ̀nà.

“Méjì.”

“Ṣé òtítọ́ ni?”

Ìbéèrè náà gún un ju ọ̀bẹ lọ. “Òtítọ́ ni, Bùrọ̀dá.”

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, adìẹ àgbà ti kú nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Kòjókòó gbé e, ara rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó lọ tààrà, ó gbé e lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Kò dúró kó béèrè. “Ó ti kú, Bùrọ̀dá. Kò sí òmíràn mọ́.” Akunlé gbé e mọ́ àyà títí oòrùn fi wọ yàrá.

Ọjọ́ kọkànlélógún kọjá, kò sí ìró. Ní ọjọ́ kejìlélógún, Kòjókòó kò lọ síbi iṣẹ́. Ó gbé etí lé ẹyin kan: ó dákẹ́ bí òkúta. Ó gbé e lé ìkejì: kò, kò, kò. Ihò kan bíi orí abẹ́rẹ́ yọ lára rẹ̀. Ọ̀sán pọ́n, ihò náà kò fẹ̀ sí i. Igbe inú ẹyin ń rẹlẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí n bá a fọ́ ọ! Ó ń kú lọ!”

“Fọwọ́ rẹ sílẹ̀,” ni Akunlé wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Èyí tí èèyàn bá fà jáde kì í ní ẹsẹ̀.”

Ó jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀, òun Kòjókòó, láti agogo méjì títí di agogo márùn-ún kọjá, omi ojú ń ro sórí itan rẹ̀. Nígbà tí oòrùn ń lọ, èèpo ẹyin là sí méjì. Ọmọ adìẹ kan tó tútù jọ̀bọ̀ yọ, ó sì dojú bolẹ̀. Ó tún gbé orí sókè.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Oníbúrẹ́dì dé. Ogbe ọmọ náà ti ń pọ́n; akọ ni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó yí i ká, kò sẹ́ni tó lè sọ bí wọ́n ṣe ń pín adìẹ kan sí méjì láìpa á.

“Ẹ gbé e,” ni Akunlé wí nígbẹ̀yìn. “Kí ẹ sì mú mẹ́ta nínú àwọn ẹlẹ́yin ewé dání. Ẹ fi ṣe ìyàwó rẹ̀, kí ẹ máa ṣa àwọn ọmọ. Ó máa tó ọdún márùn-ún kí búlúù tó mọ́ padà. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí, mi ò sì ríran. Ẹ̀yin ṣì ní ojú.”

“Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́!” Kòjókòó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. “Òun nìkan ló kù. Ẹ jẹ́ kí n fi tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe. Màá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Màá máa sùn nínú ilé adìẹ.”

“Gbé páálí wá,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Kòjókòó ló gbé páálí náà lọ sí ibùdókọ̀. Ó gbé e lé Oníbúrẹ́dì lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀. Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú láti ojú fèrèsé, ọkọ̀ sì ṣí. Kòjókòó dúró títí tí èéfín ọkọ̀ fi tán lójú ọ̀nà, kò sì mọ ibi tí òun tún fẹ́ gbé ẹsẹ̀ lọ. Nígbà tó délé, Akunlé jókòó sẹ́yìn ilé, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Àwọn abo márùn-ún tó kù ń ta ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kòjókòó rọra gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, bó ti ń ṣe láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

“Ṣé o ti jẹun?” ni Akunlé béèrè.

Ó dúró. “Rárá, Bùrọ̀dá.”

“Bu tìrẹ wá síbí, kó o jókòó.”